Wíìlì Tí Mo Rà Lọ́wọ́ Rogatien

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kẹta, 2024

Àdùkẹ́ ìyàwó mi ló ra ìwé yìí fún mi. Ó ní bí inú bá ti ń bí mi, kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó gbé ọwọ́ sókè. Ó ní bí mo bá tún lu ẹnikẹ́ni, òun á mú Ọmọ́ládé, ọmọ wa, òun á sì gba ilé bàbá òun lọ ní Massè. Kò pariwo bó ṣe ń sọ ọ́. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí.

Ó dáa. Mo ń kọ ọ́. Igbẹ́kọ̀yí ni mí, awakọ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì. Ní ibùdókọ̀ Adja-Ouèrè, Ọwọ́-Iná ni wọ́n ń pè mí. Lóṣù tó kọjá mo yọ eyín méjì lẹ́nu èrò kan tó ní mo ń wakọ̀ bí ẹni gbókùú. Ó yẹ kí n kábàámọ̀ ju bí mo ṣe kábàámọ̀ lọ. Òótọ́ ni mo ń kọ — ìwé kò lè dá mi lóhùn.

Ọkọ̀ mi — bàṣé, èyí tí wọ́n ta tapólì bo ẹ̀yìn rẹ̀, tó ń mu gásùwálì, ìyẹn dísẹ́ẹ̀lì. Ó ju Àdùkẹ́ lọ lọ́jọ́ orí. Arẹwà ni mo ń pè é, èmi nìkan ló mọ̀. Ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ènìyàn, ohunkóhun tó bá wà ní Ikpinlè àti Massè, Arẹwà ló ń kó o lọ sí Pobè. Òun ló ń bọ́ wa.

Fidánjì ti tó ṣe. Kí a da wíìlì àtijọ́, òróró inú ẹ̀rọ, nù, ká rọ tuntun síbẹ̀ kí irin má baà máa jẹ irin, ká sì pààrọ̀ fíltà, agolo kékeré tó ń sẹ́ ìdọ̀tí inú rẹ̀. Lọ́la.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 oṣù kẹta

Ọ̀dọ̀ Rogá ni mo lọ. Rogatien ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Òun ló ń ta wíìlì àti fíltà lábẹ́ páànù ní oríta Ikpinlè. Onígbàgbọ́ Kátólíìkì, aláwàdà, a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà nílé-ìwé ni.

Mo ní kó fún mi ní 20W50. Ọkọ̀ tó dàgbà, wíìlì tó ki ló tọ́ sí i — ohun tí gbogbo awakọ̀ ń sọ nìyẹn. Ó ní rárá o. Ó ní 15W40 ni ti onígásùwálì bíi tèmi. Ó ní ìgbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ọkọ̀ láàárọ̀ ni irin máa ń jẹ irin jù, wíìlì tó bá ki kì í sì í tètè gun òkè. "Àbí ìwọ lo máa bá a gbé e gòkè, Ṣẹ́fù?" A jiyàn títí. Inú ti fẹ́ẹ́ bí mi. Mo rántí ìwé yìí, mo ki ọwọ́ bàpò.

Ó to fíltà mẹ́ta sórí tábìlì. Ìkíní fúyẹ́. Mo gbọ̀n ọ́n sí etí. Ó bú sẹ́rìn-ín: "Igbẹ́, fíltà ni o, kì í ṣe ẹyin." Ló bá gbé ayùn, ó rẹ́ ẹ sí méjì lójú mi. Páálí díẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, ó rọ bí ìwé tí òjò pa. Ìkejì ń dán. Ó ní kí n má fọwọ́ kàn án: wọ́n fi kpáyò, bẹntiróòlù fàyàwọ́, fọ ògbólógbòó fíltà ni, wọ́n kùn ún lọ́dà, wọ́n wá tà á fún òun. Ó ní òun ò ní tà á fún ẹlòmíràn, òun fi ń han oníbàárà kí wọ́n lè dá ọ̀tá wọn mọ̀. Ìkẹta wúwo. Rọ́bà ẹnu rẹ̀ rọ̀, rọ́bà kékeré mìíràn sì wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí wíìlì ṣàn padà sílẹ̀ bí a bá pa ọkọ̀. Ìyẹn ni mo mú.

Ó gbé gálọ́ọ̀nù 15W40 kan fún mi. Ó ní kí n fi ọwọ́ ara mi já ìdè ẹnu rẹ̀. "Kó o má baà wá sọ lọ́la pé mo bu nǹkan lé e." Mo já a. Wíìlì náà mọ́ rokoṣo bí oyin.

Gildas mẹkaníìkì ló ṣe fidánjì náà lọ́sàn-án, lábẹ́ igi máńgòrò. Dókítà ni mo ń pè é. Ó fi ìka kan tọ́ wíìlì sí rọ́bà fíltà tuntun, ó rọ díẹ̀ sínú rẹ̀, ó fi ọwọ́ lásán dè é. Ó ní ẹni tó bá fi irin dè é ń wá ẹjọ́. Wíìlì dúdú tó dà jáde, àwọn obìnrin àdúgbò gbé igò wá gbà á, wọ́n fẹ́ fi kun òpó ilé kí ikán má jẹ ẹ́.

Ọjọ́rú, 6 oṣù kẹta

Arẹwà ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mi ò bínú sí ẹnikẹ́ni lónìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 oṣù kẹta

Bàbá mi dé láti Oko-Akarè. Alágbẹ̀dẹ ni kí ojú tó dùn ún. Ọdọọdún, kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, ó máa ń wá ta epo pupa sára gbogbo irin tó bá wà nílé wa: ọkọ́, àdá, ìbọn, títí kan ọkọ̀. Ti Ògún ni. Ẹni tó ń fi irin jẹun kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́ níyà, ó ní.

Lọ́dún tó kọjá ó da epo sórí Arẹwà, eruku lẹ̀ mọ́ ọn, ọkùnrin ìjọ Sẹ̀lẹ́ kan fara kàn án, aṣọ funfun rẹ̀ bàjẹ́. Mo gba igbá lọ́wọ́ Bàbá lójú gbogbo èrò, mo là á mọ́lẹ̀. Nítorí náà lónìí, kó tó jókòó, mo ti sọ̀rọ̀: "Bàbá, mi ò fẹ́ rí epo lára ọkọ̀ yìí o." Ó wò mí. Ó ní, "Mo gbọ́. O ò ní rí i."

Ó yà mí lẹ́nu pé kò bá mi jà.

Ọjọ́ Ajé, 11 oṣù kẹta

Arẹwà ń rùn bí ẹni ń dín àkàrà. Láti Ikpinlè dé Pobè ni àwọn èrò ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀kan ní kí n bu mẹ́rin fún òun, kí n fi ata sí i. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Bóyá ẹnì kan da epo sílẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀.

Ọjọ́rú, 13 oṣù kẹta

Iná pupa tó ń ṣọ́ wíìlì ń ṣẹ́jú níwájú sítíárì láàárọ̀, ó kú lẹ́yìn náà. Dókítà ti lọ sìnkú ní Porto-Novo. Ọ̀la ni yóò dé. Ọjọ́ ọjà sì ni ọ̀la. Mo máa lọ.

Ọjọ́bọ̀, 14 oṣù kẹta

Arẹwà kú. Ẹsẹ̀ Ìyá Ẹfúnwùmí kán. Mo lu Rogá. Mi ò lè kọ jù báyìí lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 15 oṣù kẹta

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

À ń bọ̀ láti Massè, ẹ̀gẹ́ kún ẹ̀yìn, èrò mẹ́sàn-án lórí ẹ̀gẹ́. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà ṣáájú afárá, mo gbọ́ ìró kan nínú ẹ̀rọ, kọ̀, kọ̀, kọ̀ — bí ẹni fi òòlù kan ilẹ̀kùn. Kí n tó tẹ bíréèkì, ẹ̀rọ ti gan. Táyà ẹ̀yìn kò yí mọ́. Arẹwà fò kúrò lójú ọ̀nà, ó wọ inú oko àgbàdo, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹ̀gẹ́ àti ènìyàn dà sílẹ̀ papọ̀. Ìyá Ẹfúnwùmí, tó ń ta gààrì, ìsàlẹ̀ àpò mẹ́ta ni a ti fà á yọ. Egungun itan rẹ̀ yọ síta, funfun. Kò ké. Ó kàn ń bi wá léèrè ta ló mú slípáàsì òun.

Dókítà ti dé. Ó wá bá wa níbẹ̀, ó tú fíltà, ó fi ayùn rẹ́ ẹ lójú gbogbo ènìyàn. Inú rẹ̀ kún fún nǹkan kan tó ki, tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, pẹ̀lú ìhá ẹyìn tín-ín-tìn-ìn-tín. Ó fi imú sí i. Ó ní, "Epo pupa rèé. Epo pupa ló dí ọ̀nà wíìlì." Ẹnì kan kígbe pé àwọn tó ń ta wíìlì máa ń fi epo pupa bù lé e kó lè pọ̀. Ẹlòmíràn ní òun náà ti gbọ́ ọ rí. Láàárín ìṣẹ́jú kan, gbogbo wọn ló ti gbọ́ ọ rí.

Gildas ní, "Dúró ná. Ìwọ fúnra rẹ kọ́ lo já ìdè gálọ́ọ̀nù yẹn?"

Èmi ni. Mo mọ̀. Ohun tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyẹn: mo mọ̀ nígbà yẹn. Mo rántí bó ṣe mọ́ rokoṣo. Ṣùgbọ́n Arẹwà dùbúlẹ̀ sínú àgbàdo, mo sì ń wá ẹni tí màá lù. Àwọn àgbà ní ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Tèmi lẹ́sẹ̀. Ó gun zémìjàn, alùpùpù akérò, lọ sí Ikpinlè.

Mo bá Rogá níbi tó ti ń jẹ ẹ̀bà. Ó rí mi, ó ní, "Igbẹ́, wá bá mi jẹun." Mo fi ìlàjì fíltà náà gbá a lẹ́nu. Etí irin náà mú. Ètè rẹ̀ là dé imú. Ó ṣubú pẹ̀lú àwo. Ó ń sọ̀rọ̀, n kò gbọ́ ohun tó ń sọ, ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu rẹ̀. Mo gun orí àyà rẹ̀, mo ń lù ú. Àwọn tó tẹ̀ lé mi ti dé, alùpùpù tó mẹ́wàá. Wọ́n ń pariwo olè. Ẹnì kan ní ọwọ́ tó ń bu epo mọ́ wíìlì dà. Àwọn méjì na apá ọ̀tún rẹ̀ sórí tábìlì tó fi ń tajà. Irin ńlá kan wà níbẹ̀, ti rẹ̀ ni, èyí tí wọ́n fi ń tú nọ́ọ̀tì táyà. Èmi ni mo gbé e. Kò sẹ́ni tó gbé e fún mi.

Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ní ìkíní ó ké. Ní ìkejì ó pe orúkọ mi, kì í ṣe Ọwọ́-Iná, orúkọ mi tòótọ́. Ní ìkẹta kò pe ohunkóhun mọ́. Nǹkan tó kù ní ìdí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kò jọ ọwọ́.

Ẹnì kan ṣáná sí kpáyò tó wà nínú ìsọ̀. Páànù, fíltà, gálọ́ọ̀nù, gbogbo rẹ̀ gbiná. Moyọ̀sọ́lá, ìyàwó rẹ̀, ló sáré wọ inú èéfín tó di ọkọ rẹ̀ ní ẹ̀wù, tó wọ́ ọ jáde. Wọ́n sọ òkò lù ú bó ṣe ń wọ́ ọ. Àwọn ọlọ́pàá dé nígbà tí iná ti jó tán. Wọ́n bèèrè ta ló ṣe é. Gbogbo ènìyàn ní gbogbo ènìyàn ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 oṣù kẹta

Àdùkẹ́ ti lọ. Ó mú Ọmọ́ládé, ó mú ìkòkò méjì. Ó kàn wo ẹ̀wù mi tó wà lórí okùn, èyí tí ẹ̀jẹ̀ kò ṣí lára rẹ̀, ó sì jáde.

Ní ibùdókọ̀ wọ́n ń bọ̀ mí lọ́wọ́. Wọ́n ra ẹmu fún mi. Wọ́n ní mo ti gba àwọn awakọ̀ là. Ó dùn mọ́ mi nínú. Mo mu ún.

Ọjọ́ Àìkú, 17 oṣù kẹta

Rodrigue, àbúrò Rogá, wá ká mi mọ́lé pẹ̀lú àdá. Mo ń wẹ̀ lọ́wọ́. Ó kọ́kọ́ la táyà Arẹwà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, níbi tí a wọ́ ọ sí nínú àgbàlá, ká tó pàdé. Ó ṣá mi lápá òsì. Mo gbá a mú, a yí lulẹ̀, a yí wọ inú oko ẹ̀gẹ́ ẹ̀yìnkùlé, èmi níhòòhò, ẹ̀jẹ̀ àti ọṣẹ. Ó bù mí léjìká jẹ. Mo fi òkúta gbá a lórí, ó sì sùn lọ. Mo tún gbé òkúta náà sókè. Bàbá ló di ọwọ́ mi mú láti ẹ̀yìn. Mi ò mọ̀ pé agbára ṣì wà lára rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n gbé Rodrigue lọ. Kò kú. Wọ́n fi okùn mẹ́sàn-án rán apá mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19 oṣù kẹta

Mo gbọ́ ohun tí ó yẹ kí n gbọ́ kí n tó gun zémìjàn.

Láàárọ̀ yìí mo bá Bàbá nídìí Arẹwà. Ó ti ṣí iwájú rẹ̀ sókè. Igò epo pupa wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti kù díẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ pa irin náà bí ẹni ń tu aláìsàn nínú. Ó rí mi, kò sá. Ó ní, "Bóyá kò tó ni. Bóyá ìdí rẹ̀ nìyẹn tí kò fi gbà á."

Mo ní kí ni kò tó.

Ó sọ ọ́ fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní mo ti ní òun kò gbọdọ̀ fi epo sára ọkọ̀. Òun sì ti rí ibi tí Gildas máa ń rọ wíìlì sí. Ó ní òun mọ̀ pé wíìlì yàtọ̀ sí epo, òun kì í ṣe ọmọdé. Ṣùgbọ́n Ògún kì í jẹ wíìlì. Bí a bá rọ ti ọkọ̀ fún ọkọ̀, kí a rọ ti Ògún fún Ògún, ní inú níbi tí kò ti ní ba aṣọ ẹnikẹ́ni jẹ́, tí inú kò sì ní bí mi. Epo tí wọ́n fún ní Ikpinlè, tí wọn kò tíì sẹ́. Àárọ̀ mẹ́rin ló fi ṣe é, láti Àìkú dé Ọjọ́rú, kí n tó jí. Ìlàjì igò lọ́jọ́ kan.

Kí lapá mi ṣe? Ó ti gbé irin. Mi ò mọ ìgbà tí mo mú un nílẹ̀. Mo fi ọwọ́ kejì di ẹ̀wù Bàbá mú lọ́rùn, mo tì í mọ́ ara Arẹwà, orí rẹ̀ gbá irin, ẹ̀jẹ̀ yọ létí rẹ̀. Bàbá mi. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin.

Kò bo ojú. Ó ní, "Nà mí. Ó kéré tán, lọ́tẹ̀ yìí o ti mú ẹni tó ṣe é."

Irin náà bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo jókòó sílẹ̀.

Ọjọ́rú, 20 oṣù kẹta

Mi ò jáde.

Ọjọ́bọ̀, 21 oṣù kẹta

Wọ́n ti gé ọwọ́ Rogá ní ọsibítù ní Pobè. Ó ti ń rà. Gildas ló wá sọ fún mi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé, kò gba omi. Ó ní àwọn ará Ikpinlè ti fohùn ṣọ̀kan pé Rogá kò gbọdọ̀ padà síbẹ̀ mọ́: bó bá ti kúrò ní ọsibítù, kó gba ibi tó bá wù ú lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá gbà á sílé, wọ́n á sun ilé náà. Ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ pàápàá, wọ́n ti ń sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Moyọ̀sọ́lá lórí bẹ́ǹṣì.

Gbólóhùn kan láti ẹnu mi lè tún orúkọ ọkùnrin yẹn ṣe. Mo mọ gbólóhùn náà. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé yìí lánàá ẹ̀ẹ̀mẹfà, mo ya á.

Ẹ̀rù ń bà mí. Kí n má parọ́. Bí mo bá sọ ọ́, àwọn tó sun ìsọ̀ Rogá yóò wá sun ilé mi. Mo mọ̀ wọ́n. Èmi ni mo kó wọn lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 22 oṣù kẹta

Bàbá fẹ́ lọ sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Mo dènà. Mo bẹ̀ ẹ́, mo pariwo, mo ní wọ́n á pa á. Ó jẹ́ kí n pariwo tán. Ó ní, "Igbẹ́kọ̀yí, èmi da epo, ìwọ gé ọwọ́ ènìyàn. Èwo ló wúwo? Ẹni tó ṣe èyí tó wúwo ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Lọ́la ni o. Bílẹ̀ ọ̀la bá ṣú tí o kò tíì sọ ọ́, èmi á lọ."

Mo ní màá lọ. Ó gbà mí gbọ́ lẹ́sẹ̀ kan náà. Ó tilẹ̀ ní kí n rọra jẹun kí n tó sùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 oṣù kẹta

Mo lọ. Láti ilé ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ náà lórí: *Rogá, wíìlì rẹ dára. Bàbá mi ló da epo sí i, kò mọ̀. Èmi ni mo lù ọ́ láìṣẹ̀.* Ọ̀rọ̀ náà kúrú. Mo kà á títí tó fi dùn lẹ́nu mi.

Ibùsùn mẹ́fà ló wà nínú yàrá náà. Tirẹ̀ wà nídìí fèrèsé. Wọ́n ti rán ètè rẹ̀. Apá ọ̀tún rẹ̀ kò gùn mọ́, wọ́n fi báńdéèjì dì í bọ̀rọ̀kọ̀tọ̀. Rodrigue jókòó níwájú orí rẹ̀, orí tirẹ̀ náà ní báńdéèjì. Nǹkan kan wà lábẹ́ ibùsùn tí wọ́n fi aṣọ wé. Mo mọ bí àdá ṣe máa ń rí nínú aṣọ. Rodrigue ti ń dìde. Rogá fi ọwọ́ tó kù kàn án lẹ́sẹ̀, ó jókòó.

Mo la ẹnu. Rogá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ń jáde láàárín okùn ètè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀:

"Igbẹ́, inú mi dùn pé o wá. Mo ti rò ó, mo ti rò ó. Gálọ́ọ̀nù yẹn, ọ̀dọ̀ oníṣòwò tuntun kan ni mo ti rà á. Mo rí ìdè rẹ̀ pé ó dáa, mi ò wo ìdí. Wọ́n á ti bù lé e kí wọ́n tó dè é. Èmi ni mo gbé e fún ọ. Ẹsẹ̀ Ìyá Ẹfúnwùmí, ọrùn mi ló wà. Mo máa ń kọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n á ṣe dá ayédèrú mọ̀, èmi alára ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Ó ń sunkún. Ọkùnrin tí mo gé ọwọ́ rẹ̀ láìṣẹ̀ ń sunkún, ó ń pè mí ní ẹ bí àgbà.

Gbólóhùn yẹn wà lẹ́nu mi. Mo búra pé ó wà níbẹ̀. Mo wo Rodrigue, mo wo aṣọ tó wà lábẹ́ ibùsùn. Mo ní, "Mo ti dárí jì ọ́."

Moyọ̀sọ́lá, tó wà nídìí ibùsùn, kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, ó di ẹsẹ̀ mi mú, ó ń dúpẹ́. Mo ní kó dìde.

Nígbà tí mo dé ilé, Bàbá ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó wò mí. Mo ní mo ti sọ ọ́. Ó ní kí ni Rogatien wí. Mo ní ó ti dárí jì wá. Bàbá bo ojú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, èjìká rẹ̀ ń mì. Mi ò rí i kó sunkún rí, àní lọ́jọ́ tí ìyá mi kú. Ó ní, "O ṣeun. Ọmọ ni ọ́." Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó súre fún mi, ìwúre gígùn. Ojú ń tì mí débi pé ara mi ń yún mi. Mo ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 24 oṣù kẹta

Ohùn Bàbá ló jí mi. Ó ń bá onízémìjàn kan sọ̀rọ̀ níta, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo jáde. Ó ti wọ bùbá òfì rẹ̀, ó ti dé fìlà. Iṣu mẹ́fà wà nínú àpò, àkùkọ kan tí wọ́n ti di ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní ibo ni. Ó wò mí bí ẹni pé orí mi dàrú. Ó ní, "Pobè ńkọ́? Ọmọ ilé lọ jẹ́wọ́ lánàá, kí àgbà ilé má yọjú láàárọ̀ ọjọ́ kejì? Ṣé irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti bí ọ ni?"

Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é níbí, láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Bí ọ̀dọ́ bá ti sọ ẹ̀ṣẹ̀ ilé rẹ̀, àgbà ní láti fi ara rẹ̀ tẹ̀ lé e kí ẹni tí a ṣẹ̀ tó jẹun àárọ̀, kó dọ̀bálẹ̀, kó fi ẹnu ara rẹ̀ tún un sọ. Mo mọ̀ ọ́n. Ọmọdé tó wà ní Adja-Ouèrè mọ̀ ọ́n. Bí mo ṣe ń parọ́ lánàá, kò wá sí mi lọ́kàn.

Onízémìjàn ní, "Ọwọ́-Iná, Bàbá ti sọ fún mi. Ọkùnrin ni ọ́." Mo wo òdìkejì ọ̀nà. Àwọn aládùúgbò mẹ́ta dúró síbẹ̀, wọ́n ń wò mí. Ó ti sọ fún àwọn náà. Láti ìgbà tí ojúmọ́ ti mọ́ ló ti ń sọ ọ́ káàkiri, pé òun ló da epo, pé ọmọ òun ti jẹ́wọ́ fún Rogatien lójúkojú.

Bàbá gun ẹ̀yìn alùpùpù. Mo di ọwọ́ alùpùpù náà mú, ibi tí wọ́n fi ń darí rẹ̀. Mo dì í mú gan-an, okùn apá mi já, ẹ̀jẹ̀ ń sun. Ohun tó yẹ kí n sọ nìyí: Rodrigue wà níbẹ̀, Bàbá, àdá wà lábẹ́ ibùsùn, wọn kò mọ nǹkan kan, mi ò sọ nǹkan kan. Ẹnu mi kò là. Bàbá fi ọwọ́ kan ọwọ́ mi, ọwọ́ gbígbẹ, pẹ̀lẹ́. Ó ní, "Fi í sílẹ̀, ọmọ mi. Oòrùn á mú."

Mo fi í sílẹ̀.

Mo pe Rogá lórí fóònù. Kò wọlé. Mo wá rántí pé inú ìsọ̀ ni fóònù rẹ̀ jóná sí. Ó yẹ kí n gun òmíràn tẹ̀ lé wọn. Zémìjàn méjì ti kọjá níwájú ilé yìí, mo jókòó, mo ń kọ̀wé.

Pobè kò jìnnà. Ó yẹ kó ti dé báyìí.